Láti Ojú Irin Ẹdẹ dé Ìdí Bọ́ọ̀sì Alágbára Méjì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí ni ti bọ́ọ̀sì èrò tí ó ń lo epo dísù àti iná mànàmáná pọ̀, èyí tí èmi yóò máa pè ní bọ́ọ̀sì alágbára méjì. Ìbéèrè tí a fi lé mi lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìtàn, ni pé ǹjẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún ìlú bí Ẹdẹ? Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ọ́ bí ẹni pé àjòjì pátápátá ni ọkọ̀ náà, tí ojú Ẹdẹ kò rí ohun tí ó jọ ọ́ rí. Níbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdajì ọgbọ́n tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn ti ń gba Ẹdẹ kọjá láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Orí irin ni ó ń gbà.

Ẹdẹ kì í ṣe ìlú tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà, nítorí pé ọ̀nà ni ó bí i. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Aláàfin Kórí ni ó rán Tìmì, ọdẹ akọni nì, lọ sí Ẹdẹ kí ó lè máa dáàbò bo àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà Apòmù lọ́wọ́ àwọn tí ń dá wọn lọ́nà. Àwọn tí ó bá ti wo eré Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ ṣe yóò sọ pé Ṣàngó ni ó rán an, kì í ṣe Kórí. N kò ní dá ẹjọ́ náà lónìí. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé, bí a bá tẹ̀ lé Johnson, nítorí kí aláàárù àti oníṣòwò lè lọ kí wọ́n sì bọ̀ láìséwu ni a ṣe fi olórí sí ibẹ̀.

Nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó ní 1896, ìdí kan náà ni, àyàfi pé ẹrù tiwọn ni wọ́n ń wá ọ̀nà fún. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní oṣù Kẹta ọdún 1901, irin náà sì dé Òṣogbo ní 1907. Kí ó tó dé Òṣogbo, ó gba Ìwó, ó sì gba Ẹdẹ. Láti ìgbà náà ni àgbẹ̀ Ẹdẹ ti lè gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ nílé kí ẹrù náà sì bọ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà. Ọkọ̀ eléèéfín ni wọ́n ń lò nígbà náà. Iná ni wọ́n ń dá sábẹ́ omi, ooru omi náà ni ó sì ń ti irin tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èédú rẹ̀ wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ti Enúgu ní 1915. Ọkọ̀ náà lágbára, ṣùgbọ́n apà ni. Bí a bá pín ooru inú èédú tí ó jó sí ọ̀nà mẹ́wàá, kò tó ẹyọ kan péré tí ń di ìrìn. Gbogbo ìyókù, inú afẹ́fẹ́ ni ó ń bá èéfín lọ. Ó tún ń dúró gba omi lójú ọ̀nà, bí ẹṣin.

Lọ́rì kò jẹ́ kí rélùwéè nìkan jẹ ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1906 ni ìjọba ti ṣe títì ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, nígbà tí ó sì fi máa di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, lọ́rì àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń gba ẹrù mọ́ rélùwéè lọ́wọ́ débi pé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Wọ́n bù kún owó ìwé àṣẹ lọ́rì. Ní 1937, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ nígbà náà, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mẹ́nu kan an kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé ìjà láàárín ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ tuntun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Owó ẹnìkan máa ń wà nídìí rẹ̀. Bákan náà ni yóò rí bí bọ́ọ̀sì alágbára méjì bá dé.

Ní àwọn ọdún 1950 ni ọkọ̀ ojú irin onídísù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò eléèéfín díẹ̀díẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1955 ni a dá àjọ Rélùwéè Nàìjíríà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tí ó dá dúró. Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní ni ó wà lórí ìtẹ́ Ẹdẹ nígbà náà, ẹni tí ó jọba láti 1946 sí 1975. Ọba tí ó mọ ìlù lù ni, tí ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Mo máa ń rò ó lọ́kàn ara mi pé ìró ọkọ̀ tuntun yẹn, tí kò mí hẹlẹhẹlẹ bí eléèéfín mọ́, tí ó kàn ń kùn bí oyin, kò ní fo etí irú ọba bẹ́ẹ̀ dá.

Ìró náà ni kí ẹ jẹ́ kí á tọpa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì dísù inú ọkọ̀ ojú irin ni ó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó ti ń ṣe nínú lọ́rì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. Jẹnẹrétọ̀ ni ó ń yí. Jẹnẹrétọ̀ ń pèsè iná mànàmáná. Iná náà ń gba inú wáyà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ kan tí a dè mọ́ ìdí ẹsẹ̀ irin, àwọn wọ̀nyí sì ni ó ń yí ẹsẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi gba ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ẹ́ńjìnnì dísù dà bí ọkùnrin tí ó lè sáré ṣùgbọ́n tí kò lè gbé ẹrù dìde nílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti máa yí kíkankíkan kí agbára rẹ̀ tó jáde. Ìdí nìyẹn tí lọ́rì fi nílò jíà àti kílọ́ọ̀ṣì. Kò sí jíà tí yóò rọrùn láti ṣe tí yóò lè fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wágùnnù tí ó kún fún ẹ̀pà àti kòkó kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ tí iná ń yí, ní tirẹ̀, ìgbà tí ó bá dúró sójú kan gan-an ni agbára ìfà rẹ̀ pọ̀ jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ àwọn méjèèjì fún ara wọn.

Èyí ni mo pè ní ìdajì ọgbọ́n. Ìdajì kejì ni bátìrì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wa bá ń wọ ibùdó Ẹdẹ tí ó sì fẹ́ dúró, bíréèkì yóò fún un pa. Gbogbo agbára tí a ti fi epo rà yóò di ooru, ooru náà yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Nínú bọ́ọ̀sì alágbára méjì, nígbà tí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì, ẹ̀rọ tí ń yí táyà yóò yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, yóò di jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, yóò máa pèsè iná sínú bátìrì bí ó ti ń fa ọkọ̀ dúró. Nígbà tí ọkọ̀ bá tún fẹ́ gbéra, iná tí ó gbà padà yẹn ni yóò kọ́kọ́ lò. Ó dà bí ẹni tí ó gbé ìkòkò sábẹ́ òrùlé nígbà òjò. Kò pa gbogbo omi mọ́, ṣùgbọ́n kò ní lọ sódò lọ́la.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rúndún tiwa yìí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Ferdinand Porsche ti ṣe ọkọ̀ tí ó pa epo àti iná pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1900. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1911, ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ èrò tí ń jẹ́ Thomas Tilling ń fi bọ́ọ̀sì Tilling-Stevens gbé èrò. Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù ni ó wà nínú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà ń yí, iná ni ó sì ń yí táyà. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀. Àwọn awakọ̀ wọn, ẹlẹ́ṣin ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ìjánu ni ọwọ́ wọn mọ̀, jíà tí ń han bí ajá sì ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọkọ̀ tí kò ní jíà ni ó yá wọn lára. Nígbà tí jíà wá rọrùn, tí epo sì wà ní ẹ̀dínwó, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ ru ẹrù jẹnẹrétọ̀ kiri mọ́, ọgbọ́n náà sì rọra kúrò lójú títì. Ojú irin ni ó fi ṣe ilé.

Bí ó bá jẹ́ pé ọgbọ́n náà dára tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti wà lọ́dọ̀ wa láti àwọn ọdún 1950, kí ni ó ṣẹlẹ̀ tí ibùdó Ẹdẹ fi dákẹ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni n kò lè gbójú fò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó ni ó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ọdún náà. Lára ohun tí a fi jogún rélùwéè ni irin tóóró, tí àyè àárín rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, tí ó ń yí gba ẹ̀gbẹ́ òkè bí ejò nítorí pé àwọn tí ó tẹ́ ẹ kò fẹ́ náwó gbẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ kò lè sáré lórí rẹ̀. Ní 1978 a ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àkókò owó epo rọ̀bì sì ni, nígbà tí lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ń ya wọ̀lú bí omi. Láti 1979 sí 1982, àwọn onímọ̀ láti Íńdíà ni a gbé àkóso rélùwéè lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ sunwọ̀n sí i nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó tún padà sẹ́yìn. Nígbà tí ó di 1988, gbèsè ti mu àjọ náà dé ọrùn, ọkọ̀ sì dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo sọ nípa àwọn ará Íńdíà. Ẹ̀rọ kan náà ni, irin kan náà ni, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí ó yí padà ni pé irinṣẹ́ wà, ohun èlò àpààrọ̀ ń dé lásìkò, ẹnìkan sì ń béèrè lójoojúmọ́ pé ọkọ̀ mélòó ni ó lè jáde lónìí. Dísù àti iná kò já wa kulẹ̀. Ilé àtúnṣe ni a jẹ́ kí ó kú mọ́ wọn lórí. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí á gbé lé orí ìwọ̀n nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń pariwo bọ́ọ̀sì tuntun.

Ọgbọ́n náà ti padà sójú títì báyìí. Ilé iṣẹ́ Hino ní Jàpáànù gbé bọ́ọ̀sì alágbára méjì tirẹ̀ jáde ní 1991. Toyota gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Prius jáde ní ìparí 1997. Ní 2006 ni Lọ́ńdọ̀nù tún bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀nà kan tí ó ti àdúgbò Elephant and Castle gbéra, ní àgbègbè Southwark níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí bí ọjà Ọba. Ní 2012 wọ́n mú bọ́ọ̀sì alájà méjì tuntun kan jáde, ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n sì ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 2017. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ pé bọ́ọ̀sì alágbára méjì ń dín epo tí wọ́n ń jó kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ní 2015 ó hàn sí gbogbo ayé pé bátìrì inú àwọn kan lára bọ́ọ̀sì alájà méjì wọ̀nyí ti kọṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé epo nìkan ni wọ́n ń jó kiri, pẹ̀lú òkú bátìrì ní ikùn wọn. Wọ́n pààrọ̀ wọn. Àdéhùn wà pé ẹni tí ó ta ọkọ̀ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Àdéhùn yẹn ni ojúlùmọ̀ mi kan kò ní. Ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ kan tí ó jẹ́ alágbára méjì. Kò pé ọdún méjì tí bátìrì rẹ̀ fi kú. Mẹkáníìkì mẹ́ta ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Èyí àkọ́kọ́ sá fún un, ó ní iná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn, òtítọ́ ni ó sì sọ, nítorí ó lágbára ju iná ilé lọ. Èkejì ní kí ó yọ bátìrì náà jù nù. Ẹ̀kẹta kò sọ ohunkóhun, ó kàn gba owó. Ewúrẹ́ ni ó ń sá òòrùn sábẹ́ ọkọ̀ náà di òní olónìí.

Ẹlẹgbẹ́ mi tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú ní kí á wo owó epo. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jálá kan tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Olùkọ́ tí ń ti Òṣogbo wá ṣiṣẹ́ ní Ẹdẹ mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí owó oṣù rẹ̀. Kò dìgbà tí mo bá sọ ọ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà láti dín epo kù ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó yẹ kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni èrè yẹn wà. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró tí ó sì ń gbéra ni bátìrì ti ń rí iná gbà padà. Bọ́ọ̀sì tí ó kúrò ní Ẹdẹ tí ó sì kọrí sí Ìbàdàn, tí ó ń lọ geerege lójú títì, kò ní fẹsẹ̀ kan bíréèkì púpọ̀. Ẹrù lásán ni bátìrì yóò jẹ́ fún un ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà. Láti Ẹdẹ sí Òṣogbo ńkọ́? Kò tó ogún kìlómítà. Èrò ń sọ̀, èrò ń wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ ń já, ìyálọ́jà ń gbé apẹ̀rẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni a torí rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ yìí. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, n óò ní kí á má ṣe gbé e sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà kúkúrú tí ó kún fún ìdúró ni kí á fi í sí, kí ó sì jẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá tí ilé iṣẹ́ kan ní, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó fi ẹ̀yáwó rà á.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìgbà ti kọjá lórí rẹ̀, pé kí á fò ó kí á bọ́ sórí bọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ oníná pátápátá. Wọ́n ní ẹ̀rí. Èkó, tí ó ṣí ọ̀nà BRT rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì onídísù ní oṣù Kẹta 2008, bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ọ̀sì oníná wò ní 2023. Ní 2024 sì ni Dakar, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl, ṣí ọ̀nà tirẹ̀ tí ó jẹ́ pé iná nìkan ni bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì oníná gbọ́dọ̀ rí iná jẹ lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ẹdẹ ni kí ẹ sọ iye òru tí iná ń wà láìṣẹ́jú. Alágbára méjì ń gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kiri, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń ṣe nílé.

Ní oṣù Kẹfà 2021 a ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, lórí irin tí ó gbòòrò. Dísù àti iná náà ni ó ń fa ọkọ̀ rẹ̀. Ìbàdàn ni ó dúró sí, kò dé Ẹdẹ. Irin tóóró ti 1907 ni ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa, èyí tí ó gbé àwọn ọmọ Ọ̀ṣun wálé lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó nígbà ọdún Iléyá àti Kérésìmesì ní àkókò Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá.

Alága ti gbé ọwọ́ sókè, mo rí i. Láti 1992 ni Pólì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ẹdẹ, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná níbẹ̀. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé àtira bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ lọ, kí á béèrè akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó lè tú ẹ̀rọ tí ń yí táyà palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Ìbéèrè kan sì wà tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún onímọ̀ iná tí yóò sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé mi, nítorí pé ìtàn kò lè dáhùn rẹ̀. Bátìrì kì í fẹ́ ooru. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òtútù ti ń mú, ni àwọn kan lára wọn kọṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Nínú ooru oṣù Kẹta ní Ẹdẹ, ọdún mélòó ni kí á kà sí i?